Ìkòkò Kì Í Jáde Kí Owó Tó Wọlé

Ẹni bá fẹ́ rí ìbínú Victoria amọ̀kòkò ní Ìsàn-Èkìtì, kó sọ pé ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi lè yàn wọ́n jẹ. Fúnmilọ́lá, ọmọ rẹ̀, tó ń ya àwòrán ìkòkò wọn tó sì ń ta ìkòkò náà lórí fóònù, ti gbọ́ ìwàásù ìyá rẹ̀ yẹn títí ó fi há a sórí. Òfin tirẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Tí òun fúnra rẹ̀ ò bá tíì rí owó nínú àkáǹtì, ìkòkò ò gbọdọ̀ jáde.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan pè láti Èkó, ó ní Ọládiípọ̀ lorúkọ òun. Gbogbo ìkòkò tó wà nílẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ìkòkò náà kì í ṣe ti Victoria nìkan. Àwọn obìnrin àdúgbò kó tiwọn pọ̀ mọ́ ọn, owó ilé-ìwé ọmọ ni wọ́n ń retí níbẹ̀. Ọládiípọ̀ kí Victoria dáadáa, ó ṣàdúrà fún un, ó ní Ìsàn ni wọ́n bí bàbá òun sí. Kí Jídé, dírẹ́bà tó rán wá, tó dé, "ọmọ mi" ni Victoria ti ń pe Ọládiípọ̀.

Fóònù dún, àlẹ́ẹ̀tì wọlé. Victoria ní kí wọ́n máa kẹ́rù. Fúnmilọ́lá ṣí àkáǹtì wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Màámi, owó ò tíì wọlé."

"Ṣebí etí mi gbọ́ ọ nígbà tó dún. Ọmọ ulú wa ni. Ṣé o fẹ́ kó lọ máa ròyìn wa l'Ékòó ni?"

Fúnmilọ́lá rò ó wò. Bí òun bá dá ẹrù dúró, tí ọkùnrin náà sì jẹ́ olóòótọ́, òun ti dójú ti ìyá òun nìyẹn. Bí ẹrù bá lọ, tí ọkùnrin náà sì jẹ́ olè, ojú wo ni òun yóò fi wo àwọn obìnrin yẹn? Kò sì ní bá ìyá rẹ̀ jiyàn lójú àlejò, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ló bá bi Jídé bóyá ó ti jẹun. Ta ló máa ní kí àlejò má jẹ iyán l'Ékìtì? Victoria fúnra rẹ̀ ló dáná iṣu.

Iṣu ò tíì jinná tí Ọládiípọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè léraléra, pé kí ni ọkọ̀ ṣì ń dúró ṣe. Fúnmilọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Ó pe báńkì, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́. Obìnrin tó dáhùn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ẹnikẹ́ni ò fi irú owó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ rárá. Nígbà tí Fúnmilọ́lá sọ èyí fún Ọládiípọ̀, èébú ló kó bo Victoria tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ó sì pa fóònù rẹ̀.

Jídé sáré wo àkáǹtì tirẹ̀, nítorí àlẹ́ẹ̀tì lòun náà rí gbà fún owó ọkọ̀. Òfìfo ni. Victoria bu ẹran kún ọbẹ̀ Jídé.

Nírọ̀lẹ́, àwọn obìnrin péjọ. Victoria ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í. "Èmi ni mo fẹ́ kó uṣẹ́ yín fólè," ó wí. "Ọmọ mi ni ò gbà."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí David, ẹ̀gbọ́n Victoria n'Ìbàdàn, fi pè. Ó fẹ́ ìkòkò méjì, ó ní òun ti fowó ránṣẹ́, kí wọ́n fi í sọ́kọ̀. Fúnmilọ́lá ń di ìkòkò lẹ́yìnkùlé, ó sì gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ wí.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ mi ló ń bójú tó ìyẹn. Tó bá ti rí i, ọkọ̀ á gbéra."

David rẹ́rìn-ín. "Èmi náà?"

Inú Fúnmilọ́lá dùn débi pé ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìkòkò.

"Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi."