Omi Tí Báyọ̀dé Kò Mu

Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí ní Ìkọ̀tún. Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni pé mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké.

Lọ́dún 1991, jẹjẹrẹ mú àbúrò mi, Báyọ̀dé, ní kórópọ̀n. Dókítà ní ó ṣeé wò, abẹ́rẹ́ plátínọ́ọ̀mù ló máa gbà. Màmá wa káwọ́ lérí.

"Irin kẹ̀? Irin ni wọ́n fẹ́ gún sí ọmọ mi lára?"

Mo fa irun orí mi díẹ̀ síwájú, mo ta kókó sí i, mo fún un ní òòyà.

"Màmá, okùn kan wà nínú jẹjẹrẹ yẹn tí wọ́n ń pè ní DNA. Jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ da okùn yẹn kọ kó tó lè bí òmíràn. Plátínọ́ọ̀mù á lẹ̀ mọ́ okùn náà, á ta á ní kókó báyìí. Ẹ yà á wò."

Òòyà kò kọjá. Màmá rẹ́rìn-ín. Mo wá fi kún un pé:

"Àmọ́ kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá o. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Omi ló ń fọ̀ ọ́ jáde. Kí Báyọ̀dé máa mu omi títí á fi sú u."

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, ìwú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Inú Màmá dùn, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ẹgbẹ́dá lọ. Pásítọ̀ ní kí wọ́n gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu, kí Ọlọ́run lè parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí Báyọ̀dé gba abẹ́rẹ́ kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìbàdàn ni mo wà, mò ń máàkì ìdánwò, wọn ò sì sọ fún mi. A kì í gbọ́n tó ẹni tó máa tan ni.

Nígbà tí mo dé, ojú Báyọ̀dé ti wú, kò sì rí ìtọ̀ tọ̀.

"Ṣé ò ń mu omi ṣá?"

Ó wo Màmá kó tó dáhùn. "Ó ku ọ̀la, Àǹtí mi. Mi ò fẹ́ já Màmá kulẹ̀."

Kíndìnrín ló pa á. Dókítà ní àwọn ò rí jẹjẹrẹ kankan lára ẹ̀ mọ́. Ta ni kí n lọ bá yọ̀ jàre?

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Pásítọ̀ jókòó sí pálọ̀ wa, ó ní irin òyìnbó ló pa ọmọ náà. Màmá fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú bí mi gidigidi.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ̀ ẹ́. "Màmá, ẹ ò tíì fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀. Ẹ kàn mu omi, ó tó."

Ó gba ife, ó mu ún tán, ó nà án sí mi pé kí n bu òmíràn wá.

Mo bù ú wá.