Ìṣirò Tó Ní Ara

"Mà, ẹ ti kọ ọ́ lé orí ti tẹ́lẹ̀."

Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú ló sọ ọ́, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi sọ ọ́. Olùkọ́ ìṣirò náà dá ọwọ́ dúró. Ó sún mọ́ pátákó títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Funfun lórí funfun ló rí, bí ìgbà tí èéfín bá bo fèrèsé. Ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ó ti pẹ́ tó ti ń fi í pamọ́. Dókítà ojú ti sọ fún un pé ìríran tí àrùn ojú rẹ̀ ti mú lọ kò ní padà, pé oògùn kàn lè má jẹ́ kí ìyókù tètè lọ ni. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Kò sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì báyìí, tó ń wò ó.

"Ìyá Ìṣirò, ṣé kò sí o?" ni ọ̀gá náà bi í.

Ó fẹ́ sọ pé ṣọ́ọ̀kì ni kò dáa. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ẹ pa ìwé yín dé," ó sọ fún àwọn ọmọ. "Ẹ di ojú yín."

Ó fi ọwọ́ tọ ògiri títí ó fi dé igun yàrá.

"Ibi tí ògiri méjèèjì ti pàdé ilẹ̀ yìí ni òdo wa. Ẹsẹ̀ ògiri kan ni x, ẹsẹ̀ èkejì ni y, igun tó gòkè lọ bá àjà ni z. Ẹ ronú kan gbogbo ibi tó jìnnà sí òdo ní ìwọ̀n apá kan. Kì í ṣe iwájú nìkan o. Lókè, nísàlẹ̀, títí dé ẹ̀yìn ògiri. Kí lẹ rí?"

"Bọ́ọ̀lù, mà," ni ọmọkùnrin tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan wí.

"Ó dáa. Ẹ ka apá kan yẹn sí oókan. Ẹ fi x sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí y àti z, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tó bá ti jẹ́ oókan, bọ́ọ̀lù yẹn lẹ kọ sílẹ̀. Tí mo bá wá yọ z kúrò ńkọ́?"

"Á di òbìrípo lásán, mà."

"Lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a ò so z mọ́lẹ̀ mọ́. Ibi tó bá wù ú ló lè lọ."

Ọmọbìnrin iwájú gbé ọwọ́ méjèèjì sókè díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Òbìrípo yẹn á máa gòkè, á tún máa sọ̀ kalẹ̀. Páìpù ni, mà. Páìpù tí kò lópin."

"Ẹ la ojú yín." Olùkọ́ náà dúró títí gbogbo wọn fi wò ó. "Bí mo ṣe ń rí i nìyẹn. Èyí tó wà lórí pátákó ni mi ò rí mọ́. Ojú mi ń lọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé rìn wá bá a.

"Ẹ ò sì sọ fún wa, mà."

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa ní kí n máa lọ sílé."

Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. "Mi ò lè ṣèlérí kankan, ọwọ́ mi nìkan kọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ ná."

Nígbà tí olùkọ́ náà délé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, rédíò ń sọ̀rọ̀. Ó jókòó tì í.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa rédíò yẹn. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti bá yín sọ."

Ọkọ rẹ̀ pa á. "Ṣé ti ojú ẹ ni?"

Obìnrin náà yíjú sí i.

"Mo ń rí i bí o ṣe ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife," ni ọkùnrin náà wí. "Mo ní kí n má fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Lọ́la, àá jọ lọ rí dókítà."

"Tí ilé-ìwé bá ti parí," ni obìnrin náà wí. "Mo ní kíláàsì láàárọ̀."