Ibi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ràn Jù Nínú Fíìmù Faransé

Ẹ má dárúkọ fíìmù Faransé yẹn létí mi o. Òun ló sọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin di ẹni tó ń fọ mọ́tò onímọ́tò.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tá à ń pè ní Akẹ̀tẹ̀ wò ó títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lórí. Fíìmù àwọn jàǹdùkú ni, ti ìgbà tí àwòrán ò tíì ní àwọ̀. Faransé ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ò gbọ́ ju "mèsí" lọ. Ibi tí Akẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn ni ibi tí olórí jàǹdùkú ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ju akẹ̀tẹ̀ ẹ̀, tó sì há sórí ìkọ́ lára ògiri. Ibẹ̀ ló ti rí ìnagijẹ ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ọlọ́pàá ti tan iná sí olórí lójú ni. Wọ́n bi í títí, ó kàn ń fa sìgá. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n dá akẹ̀tẹ̀ ẹ̀ padà fún un, ó bá tiẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yìnbọn pa ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́, olórí wá ń sunkún níbi ìsìnkú.

"Ó ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni," ẹ̀gbọ́n mi á ní. "Ọkùnrin nìyẹn!"

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi jẹ́ kó lọ, Bọ̀ọ̀dá?"

"Pa ẹnu ẹ dé jàre, ọmọ kékeré."

Àwọn méjèèjì jọ ríṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí wọ́n ń kó táyà sí. Akẹ̀tẹ̀ ló dábàá pé káwọn máa jí i gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ pé rárá fún un, ló bá tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá ya wọlé wa. Wọn ò wo pálọ̀, wọn ò wo ilé ìdáná, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n gbà lọ tààrà, wọ́n fa táyà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n bi í pé ta ló bá a ṣe é. Ó ní kò sí. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ṣẹ̀wọ̀n. Ìyá wa kú, kò rí i sin. Akẹ̀tẹ̀ di ọ̀gá nílé ìkẹ́rùsí.

Nígbà tó jáde, ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí náà ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní táyà ṣì ń sọnù. Kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó sọ ẹni tí wọ́n jọ ṣe é, àwọn á dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, mo lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni Akẹ̀tẹ̀ dé, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀, àwo fíìmù lọ́wọ́. "Ọ̀rẹ́ mi, ká tún wo tiwa àtijọ́!" Mo kúkú mọ ohun tó bá wá. Ó fẹ́ rán ẹ̀gbọ́n mi létí bí ọkùnrin ṣe ń pa ẹnu mọ́. Mo fún un níjòkòó, mi ò fún un lómi.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò sùn. Àwo tuntun ni, wọ́n ti kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, Akẹ̀tẹ̀ fúnra ẹ̀ ò sì mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí akẹ̀tẹ̀ há sórí ìkọ́. Ó kan ibi tí wọ́n ti tan iná. Olórí fa sìgá ẹ̀, ó lanu, a sì kà á:

"Òkè ilé oníbúrẹ́dì ló ń gbé. Àárọ̀ ló máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣé mo lè máa lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Ó tún un kà. Ló bá kọjú sí Akẹ̀tẹ̀.

"Ta ló sọ fún wọn pé yàrá ẹ̀yìn ni?"

"Háà, ṣebí fíìmù lásán nìyí!"

"Ìwọ ni mò ń bi. Ta ló sọ fún wọn?"

Akẹ̀tẹ̀ wolẹ̀. "Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ mú," ó ní. "Wọ́n lù mí, mo bá ní ìwọ nìkan ni. Oyún sì wà nínú ìyàwó mi."

"Ọ̀dàlẹ̀!" Mo ti dìde. "Ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ! Jáde nílé wa!" Kò jiyàn, ó jáde.

Ní Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀, ó lọ. Mo ń kọrin nílé. Kò tíì di ọ̀sán tó fi dé.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní èmi nìkan ni."

Mo figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé orí yín pé báyìí?"

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Bí mo bá dárúkọ ẹ̀ lónìí, kí ni mo wá tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n? Kí ni mo tìtorí ẹ̀ jẹ́ kí Màámi kú láì rí mi? Mo pa ẹnu mọ́. Ìyẹn nìkan ló kù tí mo ní, àbúrò mi. Má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ló wá ríṣẹ́ sí. Àná, mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fọ táyà mọ́tò Akẹ̀tẹ̀.