Ahọ́n Tí Kò Gbọdọ̀ Yó

Ẹni tó bá rí Àǹtí Ahọ́n lójúde á rò pé jíjẹ ni wọ́n rán an wá sáyé. Irọ́ ni. Obìnrin náà kì í fi oúnjẹ kan ẹnu láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ tọ̀sán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ kéèkì wò nílé iṣẹ́ alákéèkì, kó sọ bí ṣúgà bá pọ̀ jù tàbí bí bọ́tà bá ti fẹ́ kan. Bí ebi bá ń pa á, ahọ́n rẹ̀ kì í purọ́. Bó bá ti yó, gbogbo adùn a di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀.

Ikùn kì í sì í ṣe ẹrú ẹnì kankan. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, kì í dúró bu oúnjẹ sáwo. Orí ìdúró ló ti ń jẹ ẹ́ látinú ìkòkò, á tún fi búrẹ́dì lé e, kí ikùn sì tó rántí sọ pé ó tó, ó ti jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́ta. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ó mọ òwe náà dáadáa, àmọ́ ta ló ń pòwe fún ebi?

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi sísanra rẹ̀ rín. Ẹ̀rín náà tán lọ́jọ́ tí kíndìnrín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n yẹ gbogbo ẹbí wò kí wọ́n lè rí ẹni tó máa fún un ní kíndìnrín kan, ti Àǹtí Ahọ́n nìkan ló bá a mu. Dókítà wo òṣùwọ̀n, ó ní àfi kó fọn kí àwọn tó lè la inú rẹ̀. Títí dìgbà náà, owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n.

Ó bá gbé oúnjẹ alẹ́ jù sílẹ̀. Kéèkì tó yẹ kó tọ́ wò kó sì tu dànù, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó tún gun òṣùwọ̀n, ńṣe ni ìwọ̀n rẹ̀ lọ sókè.

“Mà, ìgbà wo lẹ jókòó jẹun kẹ́yìn?” Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn ló béèrè.

“Mi ò rántí.”

“Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ikùn kì í tètè ránṣẹ́ pé òun ti yó. Tí ẹ bá sì febi pa á, tó bá rí oúnjẹ, kò ní gbọ́ràn. Ẹ máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà láàárọ̀, kẹ́ ẹ rọra jẹ ẹ́. Ìyánhànhàn yẹn á rọlẹ̀.”

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, inú ń bí i sí ara rẹ̀. Bó bá yó, iṣẹ́ lọ, ẹ̀rọ dúró. Bí kò bá yó, ara kò ní fọn, kíndìnrín kò ní ṣeé yọ. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láàárọ̀. Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún un. Níbi iṣẹ́, ojú àwọn tó ń yan kéèkì ló ń wò kó tó sọ bó ṣe dùn sí.

“O ti fọn,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ látorí ibùsùn, nídìí ẹ̀rọ. “Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?”

“Rárá o, Bọ̀ọ̀dá. Mò ń jẹun ni.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Kò gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn gbé kéèkì méjì síwájú rẹ̀, ó ní kó mú èyí tó dáa jù, tó máa lọ sọ́dọ̀ oníbàárà wọn tó tóbi jù lọ. Ó tọ́ èkíní wò, ó tọ́ èkejì wò. Àwọn méjèèjì kàn dùn ṣáá ni. Ó wo ojú àwọn tó yan wọ́n. Ojú wọn kò sọ nǹkan kan.

“Mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn, mà. Mo ti jẹun.”

“Kò burú,” Ọ̀gá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Má jẹun lọ́la. Wá tọ́ wọn wò láàárọ̀.”

Ó ronú kan ẹ̀rọ, ó ronú kan òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́rin péré ló kù.

“Màá jẹun lọ́la, mà.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn èpírọ́ọ̀nù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kó máa lọ. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, ebi kò sì pa á.