Ilé Òkúta Tí Orúkọ Ń Ṣí

Mo wà nínú gbọ̀ngàn ilé òkúta náà, mo fọwọ́ lé ògiri. Ó tutù. Ilé ọlọ́lá àtijọ́ kan ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi yí i ká. Òrùlé rẹ̀ ga débi pé ìkùukùu wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìtì igi dúdú tó gbé òrùlé náà kò kan ògiri níbì kankan. Wọ́n kàn dúró. Ibi ìdáná gbọ̀ngàn náà tó yàrá kan. Kò sí iná nínú rẹ̀.

Ìyàwó mi wà nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá. Ó ti kú. Ó lọ bá Dérónkẹ́, àkọ́bí wa, wẹ ọmọ tuntun nílùú òyìnbó, kò sì padà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mo wá mú un lọ sílé, sí Ìpetumodù. N kò mọ ọ̀nà tí mo gbà dé.

Àwọn fèrèsé ń dí. Bíríkì pupa ń jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n ń gun ara wọn lórí, wọ́n ń dí ojú fèrèsé. Kò sí bíríkìlà kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí fèrèsé tó kẹ́yìn bá dí, ẹni tó wà nínú ilé kò ní í jáde mọ́. N kò rántí ẹni tó sọ fún mi.

Mo gun àtẹ̀gùn. Ó lọ sókè, ó sì gbé mi dé abẹ́ ilẹ̀. Mo yà sọ́tùn-ún, mo bá ara mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi. Àmù ìyá mi wà ní kọ̀rọ̀. Mo wo inú rẹ̀. Òrùlé gbọ̀ngàn ni mo rí nínú omi. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gùn, pátákó ti bo ògiri rẹ̀, àwòrán àwọn òyìnbó tó ti kú sì wà lára pátákó. Àmù náà wà láàárín wọn, òun náà nínú férémù.

Ẹ̀gbọ́n mi Láníyì jókòó sórí àkàbà, ó ń fi ìka kan pátákó. Láníyì ti kú ṣáájú ìyàwó mi. Aṣọ oko ló wọ̀.

"Àbúrò, kí lo ń wá?"

"Ìyá Dérónkẹ́ ni."

"Ó wà lẹ́yìn pátákó yìí. Ibi tí wọ́n ń fi àlùfáà pamọ́ sí láyé àtijọ́ ni, nígbà tí ọba wọn ń lé àlùfáà kiri."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ilé yìí kò ní kọ́kọ́rọ́. Orúkọ ẹni tó wà nínú yàrá ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́."

Mo fọwọ́ pa pátákó náà.

"O ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi ń mì. "Ọkọ ìyàwó," ó ní.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo máa ń pè é?"

"Ìyàwó wa. Ta ló ń fi orúkọ pe ìyàwó ilé?"

Ó gbé àkàbà rẹ̀ wọ inú àwòrán kan, ó gun ẹṣin tó wà níbẹ̀, ó kọjú sí ibi tí òyìnbó tó ni ẹṣin kọjú sí.

Láti ọjọ́ tí a ti sọ Dérónkẹ́ lórúkọ ni orúkọ ìyá rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe nílé wa. Èmi náà ń pè é ní Ìyá Dérónkẹ́ títí tí n kò fi mọ ibi tí mo gbé tàkọ́kọ́ sí.

Mo kan pátákó. Mo gbọ́ ìró omi lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ.

"Ìyá Dérónkẹ́."

Pátákó náà ló dáhùn. "Kò sí ẹni tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ìyá Olówùú," mo ní. Òwú ló ń tà.

"Kò sí."

"Ìyá Àgbà."

Pátákó náà yán. Fèrèsé ẹ̀yìn mi ló kù nínú gbogbo ilé. Bíríkì ti dé àárín rẹ̀.

"Ta ní ń kanlẹ̀kùn?" Ohùn ìyàwó mi ni.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ta?"

"Bàbá Dérónkẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti gbàgbé orúkọ mi."

"Mo ń wá a."

"Ẹ má wulẹ̀ kánjú. Òtútù ibí ò tíì pa mí tán."

"Sọ ọ́ fún mi."

"Ẹni inú kò lè pe orúkọ ara rẹ̀. Àmọ́ ó ṣeé ṣí láti inú. Bí mo bá pe orúkọ ẹni tó wà níta, á ṣí."

"O rántí tèmi?"

"Ṣé ó ṣeé gbàgbé ni?"

"Pè é nígbà náà."

Ìró omi dúró.

"Kí n pe ọkọ mi lórúkọ? Kí làwọn ará ilé yín á wí?"

"Àwọn ará ilé ti kú tán."

"Àwọn náà ni mò ń wí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà."

Láníyì wúkọ́ lórí ẹṣin. "Ìyàwó, pè é. A ò gbọ́."

Ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú fèrèsé kò ju ìka lọ.

"Akínlabí," ìyàwó mi ní. Ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé àwo tó lè fọ́. Ìyá mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo dáhùn bí ọmọdé.

Pátákó náà ṣí. N kò gbẹ́sẹ̀, síbẹ̀ mo wà nínú yàrá kékeré náà, ìyàwó mi sì wà níta. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà ń ṣe. Òun náà kò mọ̀. Báàfù omi wà lẹ́sẹ̀ mi. Kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyàwó mi, mo rí ọ̀nà ilé wa ní Ìpetumodù, eruku rẹ̀, àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ lára páànù.

"Bàbá Dérónkẹ́, ẹ jáde."

Ẹsẹ̀ mi kò kúrò lórí òkúta.

"Máa lọ," mo ní. "Ilé ò jìnnà."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Máa lọ."

Ó wò mí. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó yíjú sọ́nà. Bíríkì tó kẹ́yìn bọ́ sí ipò rẹ̀.

Inú òkùnkùn ni orúkọ náà ti wá. Ẹfúnyẹmí. Kò sí ilẹ̀kùn mọ́. Mo sọ ọ́ fún ògiri, mo sì fọwọ́ lé òkúta náà.

Ó gbóná.