Ìbòrí Bẹ́líìtì

"Ìwé yín ló gé ìyàwó mi lọ́wọ́!"

James ju bébà kan tó ti rún sórí tábìlì iṣẹ́ Jayéọlá. Àwọn tó ń kọjá lọ sí Ọjà Akẹ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wò wọ́n. Kí Marufat tó mú bébà náà ló ti mọ̀ ọ́n. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Jayéọlá, wẹ́dà l'Ọ́yọ̀ọ́, ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà. Marufat, tísà tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní yíya àwòrán ẹ̀rọ, ló kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ní Yorùbá. Wọn kì í ta ìwé náà. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá sì rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kó ránṣẹ́ padà, Marufat a tún ojú ìwé náà yà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọwọ́ James, tóun náà ń ṣe wẹ́dà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Marufat bi í.

"Ẹ̀gẹ́ ló bọ́ sílẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ pé kóun ṣà á. Bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ wọlé. Ìka méjì ti lọ, tísà!"

Jayéọlá fa Marufat sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. "Má sọ nǹkan kan o. Bí o bá lanu pé o jẹ̀bi, ọlọ́pàá ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀. Ká gba gbogbo ìwé yẹn padà, ká dáná sun ún. Oore tá a ṣe ló fẹ́ di ibi yìí."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wo obìnrin náà."

"O fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ sẹ́nu ẹkùn?"

Marufat mú báàgì rẹ̀. Ó tẹ̀lé James wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́.

Nínú mọ́tò, Marufat tẹ́ bébà náà sórí itan rẹ̀.

"Ìbòrí bẹ́líìtì ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é?"

"Ìbòrí wo? Ẹ wò ó, ṣé ó wà níbẹ̀?"

Kò sí níbẹ̀. Marufat ló yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán, kí àwọn èèyàn lè rí bí bẹ́líìtì ṣe ń yí. Ẹ̀yìn bébà ló kọ ọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ́ńjìnnì láìsí ìbòrí. Ojú kan péré ni ẹni tó ṣe fótókọ́pì rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yìn ìwé ló wà" dé ètè Marufat, ó gbé e mì. Ta ló rán an níṣẹ́ pé kó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ìwé?

Ní ọsibítù, Grace, ìyàwó James, fẹ̀yìn lélẹ̀, báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ ràgàjì. Marufat kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Èmi ni mo ya àwòrán tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ yẹn. Mo yọ ìbòrí bẹ́líìtì kúrò nínú rẹ̀. Kò yẹ kí n yọ ọ́. Ẹ forí jì mí."

Grace ń wo àjà. James wúkọ́ díẹ̀.

"A máa gba gbogbo ìwé náà padà, mà," Marufat tún sọ.

Grace yíjú sí i. "Gba kí ni padà? James ti fún àwọn ará Ìkòyí-Ilé ní ẹ̀dà. Wọ́n ti ṣe tiwọn, wọ́n ti ń fi rin ẹ̀gẹ́. Bí o bá gba bébà, ṣé ẹ̀rọ á dákẹ́ ni?"

Marufat mú bébà tuntun àti pẹ́ńsù jáde nínú báàgì rẹ̀, ó tún ẹ̀rọ náà yà pẹ̀lú ìbòrí lórí bẹ́líìtì, ó sì kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀.

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Pé kí wọ́n má tan ẹ́ńjìnnì láìsí ìbòrí."

"Ta ló máa kà á? Èmi ò mọ̀wé. Àwọn obìnrin tó ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún ńkọ́?" Grace rọra gbé ọwọ́ tí wọ́n wé náà sórí ìrọ̀rí. "Ya èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì yẹn. Ọwọ́ tí ìka rẹ̀ ku mẹ́ta. Ẹni tó bá rí i á mọ̀."

James kọjú sí fèrèsé. Marufat ya ọwọ́ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì.

"Má yà á kéré," ni Grace wí. "Yà á dáadáa."

Nígbà tó yà á tán, ó gbé e síwájú Grace. Obìnrin náà wò ó títí, ó mi orí pé ó dáa, ó sì di ojú.

Marufat dìde. "Níbo la ti ń wọ mọ́tò Ìkòyí-Ilé?"

James mú fìlà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ, tísà. Mo mọ ilé wọn."