Lẹ́tà sí Díìnì Nípa Dókítà Abọ́dúnrìn

…àbí kí n kọ ọ́ pé ó ń fi ipá ta ìwé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́? Rárá. Ipá ti le jù. Kò sẹ́ni tó na ẹnikẹ́ni lẹ́gba. "Ó sọ ọ́ di dandan"… ẹ̀n-ẹ́n, dandan. Dandan dáa. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, mo tún pa á rẹ́.

Kí ló dé gan-an, Bísọ́lá? Lẹ́tà ojú ìwé kan péré. Láti aago mẹ́jọ lo ti ń kọ ọ́, aago mẹ́wàá ti kọjá.

Alhaja fẹ́ kó tẹ òun lọ́wọ́ kóun tó lọ kírun Jímọ́ọ̀. Alhaja Mọ̀nsúrát ni ọ̀gá wa ní láíbírì yìí, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Arábìnrin Adéòjó, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yẹn dé orí tábìlì mi. Díìnì ń retí ẹ̀." Tí Díìnì bá ti rí i, wọ́n á gba kọ́ọ̀sì ẹ̀kọ́ nípa ẹja lọ́wọ́ Dókítà Abọ́dúnrìn. Oṣù mọ́kànlá ló kù kó fẹ̀yìn tì, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yìí ló sì kù lọ́wọ́ rẹ̀… Èmi kọ́ ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni mò ń ṣe. Wọ́n ní kí n máa wá ìwé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹni tó kọ ọ́ ti fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ayé máa kà á, kí wọ́n sì máa tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n, kí n sì rọ àwọn lẹ́kíṣọ́rà wa kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ọdún kan àbọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Wọ́n á gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbé ife tíì lé e. Ìpàdé tí mo pè lóṣù tó kọjá, àga méjìlá ni mo tò, mo ra omi… èmi àti Ọláṣẹ́gun tó wá tún fáànù ṣe la jọ jókòó. Ọláṣẹ́gun ní gbogbo ohun tí mo sọ ló yé òun.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mi ò rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ mọ́.

Ìwé tó wà fún ẹ̀kọ́ nípa ẹja, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Òyìnbó ló kọ ọ́, ẹja inú omi tútù tí ẹnikẹ́ni ò rí rí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ló kún inú rẹ̀. Èmi ni mo gbé fóònù lọ sí Ọjà Olúwo, àárọ̀ Sátidé mẹ́rin, mò ń ya àrọ̀, mò ń ya epìyà, mò ń ya ọ̀bọ̀kún. Ìyá kan níbẹ̀ ní, "Àǹtí, ṣé fọ́tò lẹ máa fi sebẹ̀ ni?" Mo fi ẹja tiwa rọ́pò tiwọn, ìwé náà sì dáa. Mo mọ̀ pé ó dáa. Ta ni mo wá rí fi hàn? Ẹwàolúwa, ọmọ mi tó wà ní Kánádà, ní, "Mọ́mì, ó rẹwà o," ó ní òun fẹ́ sáré wọ bọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ ti ní ilé mìíràn n'Íbàdàn. Tí mo bá ti tilẹ̀kùn yàrá mi ní Lásunwọ̀n, n'Íkòròdú, nírọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, ó di ọjọ́ Ajé kí n tó gbọ́ kẹ́nìkan pe orúkọ mi. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò… kí ni ìyẹn wá ń ṣe níbí? Lẹ́tà ni mò ń kọ.

Ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn ni kí n kọ. Ogún ọdún sẹ́yìn ni Dókítà Abọ́dúnrìn ti kọ ìwé tirẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ kan náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tà á. Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ wá gbà á, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni gbà á. Yóò kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé tó rà, yóò tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan lórí tábìlì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí nínú ìwé ńlá yẹn, kò níí gba iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tòkọ́pì ìwé náà ni Hanifah, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó wá sunkún níwájú mi, ní lọ́wọ́. Dókítà dá iṣẹ́ ọmọ náà padà fún un. Ọmọ tó ń wọkọ̀ láti Ìtòkín lójoojúmọ́. Ohun tó ṣe yẹn burú, mi ò ní bá a pa á mọ́.

Kọ ọ́ nígbà náà.

Mo kọ ọ́: "Dókítà Abọ́dúnrìn kì í jẹ́ kí ìwé tẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àfi tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀." Ó dúró dáadáa. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo tún un kà. Àfi tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀…

Kí ló ń ṣe mí?

Mubashir. Aṣojú kíláàsì wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló dúró níwájú tábìlì yìí, tó na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n fi ìwé ọ̀fẹ́ náà sí i. "Mà, ẹ ò ṣe kúkú fi líǹkì ẹ̀ sórí gúrúùpù Wásáàpù wa? Gbogbo wa á rí i gbà lẹ́ẹ̀kan náà." Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo ní fáìlì náà tóbi. Mo ní kí wọ́n máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á máa fi fílàṣì kó o fún wọn. Ó ní, "Ó dáa, mà."

Fáìlì náà ò tóbi.

Wọ́n sì ń wá. Méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la. Kó tó wọ fóònù wọn tán, màá bi wọ́n pé níbo lẹ ń gbé, kí lẹ jẹ kẹ́ ẹ tó jáde. Mo ra bisikíìtì sínú dúrọ́ọ̀, èmi tí n kì í jẹ bisikíìtì. Ọmọ kan ní mo jọ ìyá òun. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni mò ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìkòròdú. Mo tún máa ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí ni mò ń fi orúkọ wọn ṣe? Mo ní nítorí ìròyìn tí Alhaja máa béèrè ni. Alhaja ò béèrè orúkọ kankan rí.

Igba ọmọ ló wà ní kíláàsì yẹn, wọn ò tíì pé ogójì tó rí i gbà. Hanifah wá lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀kùn títì ló bá, mo ti lọ jẹun. Ìyẹn ló fi lọ ṣe fọ́tòkọ́pì… Háà. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ojú ń tì mí, bí mo ṣe dá jókòó yìí.

Ó dáa. Màá fi líǹkì náà ránṣẹ́. Lónìí. Nísinsìnyí pàápàá, kò ju ká tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fi ránṣẹ́, tó bá di ọjọ́ Ajé, ta ló máa wá máa wọlé…

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níbì kan.

Àná ni. Mo lọ bá Dókítà Abọ́dúnrìn ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kọ́rọ̀ tó di ti Díìnì. Ó nu àga fún mi. Mo fi ìwé náà hàn án lórí fóònù, ó ń wo àwọn ẹja yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ó ní, "Ọ̀bọ̀kún yìí dáa. Ta ló yà á?" Mo ní èmi ni, sà. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ní, "Bísọ́lá, tó bá ti wà lórí fóònù gbogbo wọn, ta ló máa wá máa wọlé síbí?"

Kíá ni mo dáhùn. Mo ti ní ìdáhùn nílẹ̀, òun náà ni mo máa ń fún gbogbo lẹ́kíṣọ́rà. Mo ní, "Sà, kò níí ná wọn ní kọ́bọ̀."

Ó wò mí, ó dá fóònù mi padà fún mi, ó ní kò burú. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń jáde, mo ní bàbá yìí ń yí ọ̀rọ̀ po.

Kò yí nǹkan kan po. Ìbéèrè ló bi mí. Kò sí ẹlòmíràn nílé ẹ̀kọ́ yìí tí ìbéèrè yẹn yé tó èmi, owó ni mo sì fi dá a lóhùn.